Owó Oṣù Awakọ̀ Kì í Ṣe Fíùsì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí ojú ìwé wa lọ́tẹ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n owó ń bẹ nínú rẹ̀, ẹ̀mí sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná iwájú ọkọ̀ tí ó kọ̀ tí kò tàn ni.

Kò sí awakọ̀ ilé iṣẹ́ tí kò mọ bí ó ṣe máa ń rí. Awakọ̀ tan iná ní ìrọ̀lẹ́, ojú kan tàn, ojú kejì kò tàn. Ó lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka ọkọ̀. Ọ̀gá kò dìde lórí àga, kò béèrè ohunkóhun, ó kàn ní, "Ìwọ lò ń wà á, ìwọ lo bà á jẹ́. Lọ gba gílóòbù ní sítọ́ọ̀, a ó yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù rẹ." Awakọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò fọwọ́ kàn án." Ọ̀gá ní kí ó má fi àkókò ṣòfò, àwọn tí yóò jáde níṣẹ́ ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ń dúró dè é. Bí gílóòbù bá wà ní sítọ́ọ̀, awakọ̀ fi owó ara rẹ̀ gbà á. Bí kò bá sí, ó fi ojú kan wa ọkọ̀ lọ.

Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ wa kọ ìwà méjèèjì yìí, kí a sì fi ìmọ̀ kọ̀ ọ́, kì í ṣe ariwo lásán. Iná tí kò tàn ní ìdí tí kò fi tàn. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà lè wá ìdí náà rí kí ìṣẹ́jú 15 tó pé. Nígbà tí a bá sì rí i, lọ́pọ̀ ìgbà ni a ó rí i pé kì í ṣe ohun tí awakọ̀ ṣe ni ó fà á, bí kò ṣe ohun tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn ará ilé ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, nítorí wọn yóò ní kí ló kàn wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ jókòó sínú ọkọ̀ náà. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà iná apá òsì ni ó sún mọ́ ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ lódìkejì. Bí ti òsì bá kú, tí ti ọ̀tún nìkan ń tàn, ẹni tí ó ń bọ̀ lókèèrè yóò rò pé ọ̀kadà kan ni ó ń rọra rìn létí títì. Kò mọ̀ pé odidi bọ́ọ̀sì wà nínú òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yẹn. Bí ó bá yọ síta láti kọjá ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, àyè tí ó rò pé ó ṣófo, ibẹ̀ gan-an ni ẹ jókòó sí, tí ẹ ń tòògbé lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Àwọn àgbà ní igi gaǹgaǹran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ṣùgbọ́n báwo ni a óò ṣe wò ó lókèèrè nígbà tí iná kò sí?

Ó yá, kí a wọ inú iṣẹ́. Oníná ilé ẹ̀rọ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í pààrọ̀ mọ́tò kí ó tó yẹ fíùsì wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣe nídìí ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ra nǹkan kan títí yóò fi wo bí iná náà ṣe kọ̀. Ṣé ojú kan ni àbí méjèèjì? Ṣé díìmù ni àbí fúùlù, àbí àtèyí àtìyẹn? Ìbéèrè méjì yìí nìkan ń ṣe ìdajì iṣẹ́, ó sì jẹ́ ohun ìyanu fún mi pé àwọn tí ń gba owó rẹwáyà kì í sábà béèrè wọn.

Gílóòbù tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ọkọ̀ akérò wa, èyí tí wọ́n ń pè ní H4, ti wà láti ọdún 1971. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó ní. Okùn tíńrín méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún díìmù, ọ̀kan fún fúùlù, ẹsẹ̀ kẹta sì ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Nítorí náà, bí díìmù ojú kan bá kú tí fúùlù ojú kan náà sì ń tàn, ó ṣeé ṣe gidigidi pé okùn díìmù ni ó já, nítorí òun ni a ń lò jù. Ṣùgbọ́n bí díìmù àti fúùlù ojú kan bá kú lọ́jọ́ kan náà, kí ojú fura. Okùn méjì kì í sábà já pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tí wọ́n jọ ń lò ni kí a yẹ̀ wò: ẹsẹ̀ kẹta yẹn, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn gílóòbù, àti ẹ́ẹ̀tì. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń ta gílóòbù fún awakọ̀ tí kò nílò rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Pa iná, jẹ́ kí gílóòbù tutù, nítorí ó ń gbóná tó láti bó ọwọ́, kí o wá yọ ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. Bí àìsàn náà bá bá gílóòbù lọ sí òdìkejì, gílóòbù ló kú. Bí àìsàn bá dúró síbi tí ó wà, gílóòbù kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kí ọ̀gá sítọ́ọ̀ ti ìwé rẹ̀ pa. Má ṣe fi ìka kan ara gíláàsì rẹ̀ o, ìsàlẹ̀ onírin ni kí o dì mú. Òróró ọwọ́ a máa mú kí ojú kan lára gíláàsì náà gbóná ju ibòmíràn lọ, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi bẹ́. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, fi aṣọ mímọ́ àti sípíríìtì nù ún kí o tó tàn án.

Bí kì í bá ṣe gílóòbù, fíùsì ló kàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ojú kọ̀ọ̀kan ló ní fíùsì tirẹ̀. Má fi ojú lásán wò ó, fi tẹ́sítà kan orí rẹ̀ méjèèjì nígbà tí iná bá wà ní títàn. Bí iná bá wà lórí kan tí kò sí lórí kejì, fíùsì ti já. Pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí tuntun bá tún já lójú ẹsẹ̀, wáyà kan ń kan irin níbì kan, a sì gbọ́dọ̀ wá a rí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn kan á mú bébà dídán inú páálí sìgá, wọn á fi wé fíùsì, wọn á ní ọkọ̀ ti yá. Iṣẹ́ fíùsì ni pé kí ó kú kí wáyà má baà jó. Ẹni tí ó bá fi bébà tàbí wáyà dí i ti pinnu pé abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni kí ó jó dípò rẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tí ó ti ibẹ̀ gbiná, èéfín sì ti kún inú rẹ̀ kí awakọ̀ tó rí ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ́ẹ̀tì, nítorí òun ni olè tí ń jí owó awakọ̀ jù lọ. Iná ń ti bátìrì wá, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí bátìrì. Ara irin ọkọ̀ ni ọ̀nà àbọ̀ yẹn, bóòtù kékeré kan ni ó sì máa ń so wáyà mọ́ irin. Òjò rọ̀, eruku wọ ibẹ̀, bóòtù pẹtà, tàbí àwọn tí ń pán-ún ọkọ̀ kun ọ̀dà lé e lórí. Bí ẹ bá rí iná tí ó ń tàn pọ́nyọ́n bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀, tàbí tí ẹ bá tẹ síginá tí iná iwájú sì ń bá a ṣẹ́jú, ẹ́ẹ̀tì ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Mú wáyà kan, so orí rẹ̀ kan mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì gílóòbù, so èkejì mọ́ orí òdì bátìrì, èyí tí wọ́n kọ àmì àyọkúrò sí. Bí iná bá là rekete, o ti mú olè. Há ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin yóò fi dán, mú bóòtù le, fi gíríìsì díẹ̀ bò ó. Kò sí ohun tí ẹ rà. Kí ni ọ̀gá yóò yọ nínú owó oṣù fún ìpẹtà?

Kì í ṣe títàn tàbí àìtàn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára bátìrì bá sọnù lójú ọ̀nà nítorí ìpẹtà, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kì í dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó máa ń dín ní nǹkan bí 30 nínú 100. Awakọ̀ á máa fún ojú, á máa rò pé ojú òun ni ó ń bàjẹ́, wọn á sì ní àgbà ti dé sí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí fún àwọn tí ń wa Toyota: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí bí mo ti wí. Nínú tiwọn, ẹsẹ̀ tí gílóòbù méjèèjì jọ ń lò ni iná ń gbà wọlé, súìṣì sì wà ní ọ̀nà àbọ̀. Rẹwáyà tí kò mọ èyí á fi tẹ́sítà wò ó, á rí iná níbi tí kò retí rẹ̀, á sì gé wáyà tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Bí o bá rí i tí ó fẹ́ gé wáyà láì tíì sọ ohun tí ó rí, bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kò le. Yọ ọ́, gbóòórùn rẹ̀, wo inú rẹ̀. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti pọ́n tàbí ó ti yọ́, ìfarakàn kò dára mọ́, gílóòbù tuntun mẹ́wàá kò lè wo ó sàn. Bí ojú méjèèjì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, tí fèrè ọkọ̀ sì ń dún, yẹ ríléè àti súìṣì wò. Bí ẹ bá tan iná, ó yẹ kí ẹ gbọ́ kí ríléè ta pọ́ọ́. Bí èyí tí ń ṣiṣẹ́ fèrè bá jẹ́ irú kan náà, ẹ pààrọ̀ wọn fún ìṣẹ́jú kan láti dán an wò. Àmọ́ nínú ọkọ̀ ayé òde òní tí kọ̀ǹpútà ń darí iná wọn, ẹ má ṣe máa fi wáyà já ọ̀nà kiri. Èyí tí wọ́n ń pè ní xenon sì wà, tí iná rẹ̀ ń kọjá 20,000 fóólítì nígbà tí ó bá ń là. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Wàyí o, gílóòbù tí ń kú lemọ́lemọ́ ńkọ́? Níbi iṣẹ́ kan tí n kò ní í dárúkọ, awakọ̀ lọ́rí kan san owó gílóòbù mẹ́ta láàárín oṣù méjì. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì lórí èkejì, wọ́n ní ó ń sáré jù lórí kòtò. Rẹwáyà ìta kan ló fi mítà wo ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ 24 fóólítì ni, bí 28 ló sì yẹ kí ọ́tánétọ̀ máa rán wá, ṣùgbọ́n ohun tí mítà kà kọjá 31. Rẹ́gúlétọ̀ ló ti bàjẹ́, ó ń sun gílóòbù bí ìgbà tí ènìyàn ń sun iṣu. Ilé iṣẹ́ ra rẹ́gúlétọ̀, gílóòbù kò sì kú mọ́. Ṣùgbọ́n owó gílóòbù mẹ́ta yẹn kò padà, kúẹ́rì sì wà nínú fáìlì rẹ̀ títí ó fi fi ibẹ̀ sílẹ̀. Fún ọkọ̀ 12 fóólítì, nǹkan bí 14 ni kí ẹ retí lórí mítà. Bí ó bá ti kọjá 15, ẹ má ra gílóòbù, ẹ lọ bá rẹ́gúlétọ̀.

N kò wá síbí láti sọ pé awakọ̀ kì í ṣẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń fi gílóòbù 100 wáàtì sí ojú ibi tí wọ́n ṣe fún 55. Díìmù méjì oní-55 ń gba bí ámúpù 9 lórí ọkọ̀ 12 fóólítì. Méjì oní-100 ń gba ju 16 lọ. Wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á yọ́. Àwọn mìíràn ń fi LED funfun sínú abọ́ tí wọ́n ṣe fún gílóòbù onókùn, wọ́n á wá máa fi í fọ́ àwa yòókù lójú. Ẹni tí ó bá ṣe èyí láì gba àṣẹ, tí wáyà sì jó, kí ó má retí pé ẹ̀ka wa yóò gbè é. (Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ń fọ́ni lójú yìí náà kan tòkunbọ̀ tí wọ́n kó láti Bìrìtìkó àti Japan. Apá òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ níbẹ̀, díìmù wọn sì ń gbé ojú sókè sí òsì. Lójú títì wa, ojú ẹni tí ń bọ̀ ni ó ń lọ tààrà. Ẹni tí ó bá kó wọn wá ni kí ó pààrọ̀ iná wọn.)

Ṣùgbọ́n ìpẹtà, sọ́kẹ́ẹ̀tì gbígbó, rẹ́gúlétọ̀, gíláàsì iná tí ó ti sán tí omi ń wọ̀ ọ́, ìwọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó di ìdarí mú. Okùn gílóòbù tí ó já lẹ́yìn tí ó ti tàn fún ọ̀pọ̀ alẹ́, òun náà kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ó gbó ni, bí táyà ti ń gbó. Ṣé a ń yọ owó táyà nínú owó oṣù?

Òfin sì wà. Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa, abala 5, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Ohun tí ó fàyè gbà nípa àdánù ni pé kí ó yọ iye tí ó bá mọ níwọ̀n, bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìtọ́ tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á. Síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó ọ̀ràn iṣẹ́. Ṣáájú ni o, kì í ṣe lẹ́yìn. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé yíyọ owó gílóòbù síwájú rẹ, má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Fi ọ̀wọ̀ béèrè ìwé àṣẹ náà, kí o sì ránṣẹ́ sí aṣojú ẹgbẹ́ ní ẹ̀ka rẹ.

Ohun kan ṣì kù tí ó ń dùn mí. Bí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, bá dá ọkọ̀ olójú kan dúró lóru, awakọ̀ ni wọ́n ń kọ ìwé fún. Ọ̀gá tí ó ní kí ó gbé e jáde ti sùn nílé. Nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn aláṣẹ, èmi yóò fẹ́ kí ẹ̀ka wa béèrè pé kí ọkọ̀ tí iná iwájú rẹ̀ kò pé má jáde lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kí tẹ́sítà kan, mítà kan àti àpótí fíùsì wà ní géètì pẹ̀lú gílóòbù méjì fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ti 12 lọ́tọ̀, ti 24 lọ́tọ̀, nítorí gílóòbù 12 tí a bá fi sínú ọkọ̀ 24 yóò jó lójú ẹsẹ̀, awakọ̀ ni wọn yóò sì tún mú. Bí wọ́n bá ní owó kò sí, kí a bi wọ́n léèrè iye tí ọkọ̀ kan tí ó dojú dé yóò ná wọn.

Kí ìyẹn tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wa kì í sì í ṣí i. Ẹ máa kọ ọ́, ní èdè tí ó bá yá yín lẹ́nu. Kò ní láti gùn. Bí èyí ti tó: "Mo tan iná ní agogo 5.40 ìrọ̀lẹ́. Ojú òsì kò tàn, díìmù àti fúùlù. Mo pààrọ̀ gílóòbù sí ọ̀tún, ó tàn níbẹ̀. Fíùsì dára. Mo fi wáyà fún un ní ẹ́ẹ̀tì láti bátìrì, ó tàn. Mo sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka ọkọ̀ ní agogo 6." Kọ orúkọ rẹ, kọ ọjọ́, jẹ́ kí ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́ bọ ìwé, kí o sì da ohun tí o kọ kọ sórí bébà mìíràn fún akọ̀wé ẹ̀ka.